Ìtàn Ojú Òkun Tí Ó Jẹ́ Tiwa



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ka ìtàn ọkọ̀ ojú òkun nígbà èwe: The Coral Island ti Ballantyne àti Treasure Island ti Stevenson, ti ọdún 1883. Ìwé dídùn ni wọ́n. Àwa olùkọ́ mọ̀ bí wọ́n ti ń mú ọmọ tí kò fẹ́ ìwé jókòó jẹ́ẹ́. A kò wá bú wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni àwa wà nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Robinson Crusoe, baba ńlá gbogbo wọn, tí Defoe tẹ̀ jáde ní 1719, ẹrú ni ó ń bọ̀ wá kó ní etí òkun Guinea nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́. Àwa ni ẹrù tí ó ń wá.

Ǹjẹ́ kí ẹrù náà sọ tirẹ̀. Ní 1821 ni a kó Àjàyí ní Òṣoògùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 a kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n. Nínú ọkọ̀ ogun náà wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́, wọ́n ṣe bí ara ẹlẹgbẹ́ wọn ni; wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n ní orí ènìyàn ni. Ẹ̀rù wo nínú ìwé Stevenson ni ó ju èyí lọ? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta yìí, ni Àjàyí, tí a ti ń pè ní Samuel Crowther, tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25.

Joseph Wright, ọmọ Ẹ̀gbá, la irú ọ̀nà kan náà kọjá. Ní 1839, àwọn Sàró ra ọkọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n fi ṣíkọ̀ wá sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ìdè di ọkọ̀ àbọ̀wálé.

Crowther àti Wright kọ ìtàn ara wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn ìyókù, ẹnu àgbà ni tiwọn wà. Òótọ́ ni pé bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá kú láìsọ, àrọ́bá pàápàá a bá a lọ. Nítorí náà a bẹ̀ yín: kí agboolé Sàró kọ̀ọ̀kan jókòó ti àwọn arúgbó rẹ̀, kí a kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ ìwé í kọ sì sọ ọ́ di ìtàn fún àwọn ọmọ wa.

Kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́. Àmín.