Ibi Tí Wọ́n Kó Wọn Sí: Bí Ísírẹ́lì Ṣe Ń Gba Àwọn Júù Tó Ń Wọlé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Ísírẹ́lì inú Bíbélì dunjú; àwọn mìíràn tilẹ̀ ti dé Jerúsálẹ́mù, wọ́n ti gba oyè JP, ti arìnrìn-àjò mímọ́ sí Jerúsálẹ́mù, bọ̀. Ísírẹ́lì òde òní ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ibì kan ṣoṣo ni mo sì máa mú níbẹ̀: àwọn Júù tó ń ti òkèèrè wá, àti ohun tójú wọn ń rí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé.

Ní ti òfin, wíwọlé kò ṣòro. Ní 1950 ni Knesset, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, ṣe Òfin Ìpadàbọ̀, tó fún Júù níbikíbi tó bá wà lẹ́tọ̀ọ́ láti wá gbébẹ̀. Ní 1970, wọ́n fẹ òfin náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ Júù, àti ọkọ tàbí aya wọn. Ìfìdíkalẹ̀ ni wàhálà. Èrò tèmi ni pé ibi tí ìjọba bá kó àlejò sí lọ́dún àkọ́kọ́ ló máa ń sọ ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò dé, ju àṣà tàbí ìwé tó gbé wá lọ.

Nígbà tí wọ́n kéde orílẹ̀-èdè náà lóṣù karùn-ún 1948, àwọn Júù ibẹ̀ tó nǹkan bí 650,000. Kí 1951 tó parí, àwọn tó wọlé ti pọ̀ tó iye yẹn: àwọn tó yè bọ́ lọ́wọ́ Hitler ní Yúróòpù, nǹkan bí 49,000 tí ọkọ̀ òfuurufú kó láti Yẹ́mẹ̀n, nǹkan bí 120,000 láti Ìráàkì. Ẹ rò ó wò ná: onílé kan, àlejò kan. Oúnjẹ ò tó, ìjọba ń ṣírò ẹyin àti ṣúgà fún aráàlú.

Ilẹ̀ náà kò ṣófo o. Nǹkan bí 700,000 Lárúbáwá ọmọ Palẹstínì ni wọ́n lé tàbí tó sá lásìkò ogun 1948, Ísírẹ́lì ò sì jẹ́ kí wọ́n padà. Inú ilé wọn ní Háífà, ní Jerúsálẹ́mù, ní Jáfà tí Bíbélì wa ń pè ní Jọ́pà, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn tó dé sí. N kò mọ bí èèyàn ṣe lè sọ ti àwọn tó wọlé kó má sọ ti àwọn tó jáde.

Nígbà tí ilé wọ̀nyẹn kún, wọ́n pàgọ́. Ma'abara ni wọ́n ń pè é: àgọ́ aṣọ àti ahéré onípáànù, ọ̀pọ̀ ìdílé lórí ẹ̀rọ omi kan, ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Lópin 1951, àwọn tó ń gbé inú wọn lé ní 200,000. Àwọn ará Yúróòpù tètè jáde, torí wọ́n ní ẹbí tó ti dé ṣáájú, wọ́n sì gbọ́ èdè àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn ará Ìráàkì, Yẹ́mẹ̀n àti Mòrókò ló pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá kọ́lé fún irú wọn, ọ̀nà jíjìn ló kọ́ ọ sí: Dimona àti Yeruham nínú aṣálẹ̀ Negev, Kiryat Shmona lẹ́bàá ààlà Lẹ́bánónì, Sderot nítòsí Gásà. Iṣẹ́ ò pọ̀ níbẹ̀, iléèwé ò múná dóko. Ẹni tó ń ṣe akọ̀wé ní Baghdad di ẹni tó ń gbin igi. Ní 1959, àwọn ará Mòrókò fárígá ní Wadi Salib ní Háífà, àdúgbò tó jẹ́ ti Lárúbáwá tẹ́lẹ̀. Ní 1971, àwọn ọ̀dọ́ Musrara ní Jerúsálẹ́mù dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Black Panthers bíi ti àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà. Ìbínú yìí kan náà wà lára ohun tó gbé Menachem Begin, olórí ẹgbẹ́ alátakò, dé ipò olórí ìjọba ní 1977, tí àwọn tó ti ń ṣèjọba láti ìbẹ̀rẹ̀ fi fìdí rẹmi.

Nígbà tí ìjọba Soviet ṣílẹ̀kùn fún àwọn Júù rẹ̀, nǹkan bí 185,000 ló dé ní 1990 nìkan. Lọ́tẹ̀ yìí, owó ni wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́, sal klita: kí wọ́n gba ilé síbi tó bá wù wọ́n, kí wọ́n kọ́ èdè Hébérù ní ulpan, iléèwé èdè. Ìyà jẹ wọ́n. Ẹnjiníà gbálẹ̀ ìgboro, dókítà tún ìdánwò ṣe kó tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣùjọ, wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, ẹgbẹ́ òṣèlú Natan Sharansky, ará Soviet bíi tiwọn, sì gba ìjókòó 7 ní Knesset ní 1996. Ohun tó ń dùn wọ́n jù ni pé ẹni tí Òfin Ìpadàbọ̀ gbà wọlé torí bàbá rẹ̀, rábì lè ní kì í ṣe Júù torí ìyá rẹ̀. Rábì kì í so irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀, kò sì sí ìgbéyàwó kóòtù níbẹ̀, nítorí náà Cyprus ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ ṣe tiwọn.

Àwọn ará Etiópíà dé lásìkò kan náà, àmọ́ ọ̀nà àtijọ́ ni ìjọba gbà fún wọn: òun ló yan ibi tí wọ́n máa gbé. Ní oṣù karùn-ún 1991, láàárín nǹkan bí wákàtí 36, ọkọ̀ òfuurufú kó èèyàn tó ju 14,000 lọ kúrò ní Addis Ababa. Ọkọ̀ kan gbé ju 1,000 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ayé ló fẹ́ràn láti sọ ibi yìí. Wọn kì í sábà sọ ti ibùdó ìgbàlejò àti ilé alágbèérìn tí wọ́n há wọn mọ́, tàbí àdúgbò tálákà tí wọ́n ti ibẹ̀ kọjá sí. Ní 1996 ni àṣírí tú pé ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará Etiópíà ń fi tọrẹ, ṣe ni wọ́n ń dà á nù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tú síta láti fẹ̀hónú hàn. Ní 2015 àti 2019, ọwọ́ tí ọlọ́pàá fi ń mú wọn ló tún gbé wọn dé títì. Àwọn kan á ní Pnina Tamano-Shata, tó wọlé lọ́mọdé, di mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọlé ní 2020. Òótọ́ ni. Ẹyọ kan ni.

Ogun Ukraine gbé iye tó wọlé ní 2022 kọjá 70,000, Rọ́ṣíà ni ọ̀pọ̀ ti wá. Kò pẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn tún gbéra. Ní 2024, àwọn tó fi Ísírẹ́lì sílẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wọlé lọ. Ẹni tí wọ́n fún lówó kó yan ibi tí yóò gbé lè yan ìlú mìíràn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lọ yìí ni ìjọba wọn ń bá fà á báyìí.