Bí ẹ bá sọ bọ́ọ̀sì di ilé, ẹ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbéra

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá kan sọ nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Cameroon, rèé:



Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà ayé Molue yóò rántí bí ọkọ̀ náà ṣe máa ń tẹ̀ sí apá ọ̀tún, níbi tí ilẹ̀kùn wà, tí àwọn èèyàn so rọ̀ bí àdán. Orí férémù ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 ni wọ́n kan ọ̀pọ̀ nínú wọn lé. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ̀ pé n óò wá jókòó sínú ọkọ̀ tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Douala, láìsí ẹnì kankan tó so mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ra Coaster àlòkù. Ó yọ àga ẹ̀yìn kúrò, ó ní kí káfíńtà kan bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ilé ìdáná sínú rẹ̀, kí òun lè máa gbé ìyàwó àti ọmọ òun méjì lọ wo òkun ní Kribi. Ọkọ̀ náà wu ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e jáde sí ọ̀nà Edéa, gbogbo ìgbà tó bá ti tẹ bírékì ni ọkọ̀ ń fà sí òsì. Ó ní aláìnmẹ́ǹtì ni. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Lọ́jọ́ kan tí a padà dé Bonabéri, mo fọwọ́ kan táyà iwájú lápá òsì, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Ti apá ọ̀tún kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Mo bi í pé kílò mélòó ni ọkọ̀ náà. Ó ní òun ti wọ̀n ọ́n: 5,150. Ó ní òun pín in sí táyà mẹ́fà, ó jẹ́ nǹkan bí 858 kílò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye yẹn sì ni òun tẹ̀ lé fẹ́ atẹ́gùn sí wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹrù kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba.

Àwa tí a ń gbé Douala ti mọ̀ nípa ìwọ̀n ọkọ̀. Láti èbúté wa ni ẹrù ti ń lọ sí Chad àti Central African Republic, àwọn èèyàn ìjọba sì ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń pè ní pesage. Òfin wà tó ń dáàbò bo títì. Ṣùgbọ́n nítorí títì ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Coaster ọ̀rẹ́ mi kò lè ba títì jẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló máa dá ara rẹ̀ dúró.

A bẹ oníbàárà irin àlòkù kan tó ní òṣùwọ̀n ọkọ̀ nínú ọgbà rẹ̀. A kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà gùn ún pátá. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ iwájú nìkan. Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ iwájú òsì nìkan, tí ti ọ̀tún wà lórí ilẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yìn náà. Ohun tó kù, a fi ìyọkúrò rí i. Ilẹ̀ àti ojú òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ tẹ́jú dọ́gba o, torí bí apá kan bá rẹlẹ̀, ẹrù á sún síbẹ̀, òṣùwọ̀n á sì purọ́ fún yín. Omi kún táǹkì, epo kún, ìyàwó àtàwọn ọmọ jókòó sí àyè wọn. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò fẹ́ kí wọ́n wọn òun ní gbangba. A rọ̀ ọ́ títí.

Ohun tí a rí rèé: iwájú òsì 1,010 kílò, iwájú ọ̀tún 820. Ẹ̀yìn òsì, táyà méjì, 1,890. Ẹ̀yìn ọ̀tún 1,430. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 5,150, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá òsì fi 650 kílò wúwo ju apá ọ̀tún lọ, táyà kan ṣoṣo tó wà níwájú òsì sì ń gbé 1,010 pẹ̀lú atẹ́gùn 858.

Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó ẹrù rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà bó ṣe ń yí. Títẹ̀ yẹn ló ń mú un gbóná, ooru ló sì ń bẹ́ ẹ. Ẹ wo ara táyà yín. Bí ẹ bá rí 117/116, 1,285 kílò ni 117 túmọ̀ sí, fún táyà tó dá wà. 1,250 ni 116, fún èyí tó ní èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà ọ̀rẹ́ mi lágbára tó. Atẹ́gùn ni kò tó.

Kí ló kó ẹrù sí òsì? Ilẹ̀kùn wà lápá ọ̀tún, nítorí náà káfíńtà kó gbogbo nǹkan tó wúwo sí ògiri kejì: ilé ìdáná, fíríìjì, bátìrì ńlá méjì, àti táǹkì omi 200 lítà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìn. Awakọ̀ náà, òsì ló jókòó. Omi lítà kan, kílò kan ni. 200 kílò nìyẹn.

A gbé bátìrì méjèèjì, 120 kílò, sí ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí: ohun tí ẹ bá gbé láti òsì sí ọ̀tún, ìlọ́po méjì rẹ̀ ló ń kúrò nínú ìyàtọ̀, torí òsì pàdánù rẹ̀, ọ̀tún sì jèrè rẹ̀. 240 lọ. Táǹkì omi bọ́ sí àárín ọkọ̀, nǹkan bí 200 tún lọ. Ìyàtọ̀ 650 di nǹkan bí 210.

A tún gbé táǹkì náà wá síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi ọ̀pá kọ́ ẹrù sí èjìká mọ̀ pé bí ẹrù bá ṣe jìnnà sẹ́yìn tó ni iwájú ọ̀pá á ṣe máa fẹ́ fò sókè. Bí ẹrù ìpẹ̀kun bọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe iwájú nìyẹn, tí ọwọ́ ọkọ̀ á wá fúyẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà la tún un wọ̀n, tí a sì fẹ́ atẹ́gùn. Táyà méjèèjì níwájú gba iye kan náà, èyí tó bá èyí tó wúwo jù mu. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn. Ọkọ̀ ṣì ń fà díẹ̀. Bírékì kan ló kù tí mẹkáníìkì tún ṣe. Wọ́n ti lọ sí Kribi, wọ́n ti dé.

Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ ra fíríìjì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bi í pé apá ibo ló fẹ́ gbé e sí. Ó ní apá òsì, ibẹ̀ ni àyè kù sí. A ti dá ọjọ́ tí a máa padà lọ bá onírin.