Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Là Ń Sọ fún Ọmọlúàbí: Ìpolówó Fíìmù àti Ohun Tó Yẹ Kó Fi Pamọ́

Orí ìpolówó fíìmù ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé, ìyẹn àwòrán oníṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n máa ń jù síta kí fíìmù gan-an tó jáde. Ẹ̀sùn tí àwọn òǹwòran fi ń kàn án káàkiri ayé ni pé kò mọ ẹnu pa mọ́: kí a tó sanwó ìwọlé, ó ti sọ ìtàn tán. Mo fara mọ́ ẹ̀sùn náà. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún wà gan-an, nítorí bí a kò bá mọ ibi tó ń dunni, a ò ní mọ oògùn tí a ó lò sí i.

Ta ló ń ṣe ìpolówó?

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ọjọ́ iṣẹ́ yìí sì ti pẹ́. Ní New York, lọ́dún 1913, Nils Granlund tó ń bójú tó ìpolówó fún àwọn ilé sinimá Marcus Loew ṣe fíìmù kékeré kan láti fi kéde eré orin kan tó ń bọ̀ lórí ìtàgé. Láyé ìgbà náà, ẹ̀yìn tí fíìmù bá parí ni wọ́n ń fi ìpolówó hàn. Àwọn òǹwòran a ti dìde, wọn a ti máa bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn onísinimá rí i pé àga lásán ni wọ́n ń polówó fún, wọ́n gbé e síwájú fíìmù.

Ní 1919, ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní National Screen Service bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì di pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńláńlá Amẹ́ríkà ṣe ìpolówó wọn. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ń ṣe fíìmù àti ẹni tó ń polówó rẹ̀ ti pínyà ní Hollywood. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe nǹkan mìíràn ju kí wọ́n máa gé àwòrán ìpolówó wà títí dòní. Wọn a gé e, wọn a fi han àwùjọ òǹwòran kékeré láti mọ bí yóò ṣe rí lára wọn, wọn a tún un gé. Ẹ̀ka ìtajà ló ń sọ pé ó tó. Olùdarí fíìmù kọ́ ló sábà máa ń ní àṣẹ ìkẹyìn. Ẹni tó fi ọdún méjì bo àṣírí mọ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lè jí lọ́jọ́ kan kó bá a lójú pópó.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan nínú Terminator 2

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tú u wò dáadáa. Nínú fíìmù The Terminator tó jáde ní 1984, Arnold Schwarzenegger ni ẹ̀rọ apààyàn tó gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀. Nígbà tí James Cameron ń ṣe apá kejì tó jáde ní 1991, ó mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn òǹwòran nìyẹn, ó sì fi ṣọgbọ́n. Àwọn méjì ló ti ọjọ́ iwájú dé. Ọ̀kan ni Schwarzenegger, ìrìn rẹ̀ wúwo, ó wọ aṣọ awọ, ó gun alùpùpù. Ìkejì jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, Robert Patrick ló ṣe é, aṣọ ọlọ́pàá ló wọ̀, ẹnu rẹ̀ sì tutù. Àwọn méjèèjì ń wá ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Connor. Fún bí ìlàjì wákàtí, Cameron kò sọ ẹni tó fẹ́ pa ọmọ náà àti ẹni tó fẹ́ gbà á là.

Ọmọ náà sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lẹ́yìn ilé ìtajà ńlá. Schwarzenegger ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé páálí òdòdó róòsì dání. Páálí ṣí, ìbọn gígùn ló yọ jáde, òdòdó dà sílẹ̀, bàtà rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà yíjú padà, ọlọ́pàá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà yìí ni Schwarzenegger sọ fún un pé kó dọ̀bálẹ̀, tó sì yìnbọn lu ọlọ́pàá. Ẹni tí a rò pé ikú ni ló di ààbò.

Torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni gbogbo ìlàjì wákàtí yẹn ṣe wà. Ṣùgbọ́n ìpolówó fíìmù náà ti kéde pé ààbò ni Schwarzenegger bá wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí ni òǹwòran pàdánù? Òpin fíìmù kọ́, torí ìpolówó kò sọ ọ́. Ìlàjì wákàtí ìbẹ̀rẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìfura tí Cameron fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn di ìdúródè lásán. Síbẹ̀, kò sí fíìmù tó pawó tó o lọ́dún náà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ẹ̀ka ìtajà kò fi ronú pìwà dà. Ní 2015, nígbà tí Terminator Genisys ń bọ̀, ìpolówó rẹ̀ fi hàn pé John Connor fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀rọ. Alan Taylor tó darí fíìmù náà sọ ọ́ ní gbangba pé inú òun kò dùn sí i. Àmọ́ ẹyin ti fọ́.

Ẹjọ́ ẹnìkejì

A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Robert Zemeckis ló darí Cast Away ní 2000, ìtàn ọkùnrin kan tí bàlúù já, tó dá gbé erékùṣù fún ọdún mẹ́rin. Tom Hanks ló ṣe é. Ìpolówó fi hàn gbangba pé ọkùnrin náà padà délé, tó sì pàdé obìnrin tó fi sílẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn pariwo, Zemeckis kò tọrọ àforíjì. Ó ní àwọn òǹwòran fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ wá wò, ó sì fi ilé oúnjẹ McDonald's ṣàpẹẹrẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń bá ohun àjèjì pàdé nínú àwo rẹ̀. Fíìmù náà pa ju 400 mílíọ̀nù dọ́là lọ káàkiri ayé.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí sinimá, tó ro owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé pọ̀, kò fẹ́ fi owó oṣù ta tẹ́tẹ́.

Àwọn onímọ̀ náà tún bá a gbè díẹ̀. Ní 2011, Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld ní Yunifásítì California ní San Diego fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn kúkúrú 12 kà, títí kan ti Agatha Christie àti ti Roald Dahl. Àwọn kan ti mọ bí ìtàn yóò ṣe parí kí wọ́n tó kà á, àwọn kan kò mọ̀. Lápapọ̀, àwọn tó ti mọ̀ gbádùn ìtàn wọn jù. Ní 2015, Benjamin Johnson àti Judith Rosenbaum ṣe ìwádìí tiwọn, èsì rẹ̀ sì yàtọ̀: àwọn tí kò mọ̀ ló gbádùn jù. Kí ni ká wá dì mú?

Ìròyìn àti àfojúbà

Àwa Yorùbá lè dá sí ẹjọ́ yìí. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1963, ta ló jókòó níbẹ̀ tí kò mọ ìtàn Ṣàngó? Èèyàn mọ òpin, wọ́n sì wá. Ìtàn Ẹlẹ́ṣin Ọba tó yẹ kó bá ọba kú ní Ọ̀yọ́ láyé àwọn òyìnbó ńkọ́? Ládípọ̀ fi ṣe Ọba Wàjà, Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré tó jáde ní 1975, Bíyí Bándélé sọ ọ́ di fíìmù ní 2022. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ dúró sílé. Ọmọdé tó ń gbọ́ àlọ́ mọ̀ pé ojú yóò ti Ìjàpá nígbẹ̀yìn, síbẹ̀ kì í sùn.

Mímọ òpin nìkan kọ́ ló ń ba ìtàn jẹ́, nígbà náà. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ibẹ̀ gan-an sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró. Ẹni tó wo Ọba Kò So ti gbọ́ ìròyìn Ṣàngó, ṣùgbọ́n kò tí ì fojú ara rẹ̀ rí bí ìjà Gbọ̀nkáà àti Tìmì, àwọn balógun Ṣàngó, ṣe ti ọba dé ibi tí kò ti lè padà mọ́. Àfojúbà ṣì wà nílẹ̀ fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ San Diego náà, ìròyìn ni wọ́n fún wọn, wọ́n ṣì ní láti ka ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìpolówó fíìmù ń ṣe yàtọ̀. Ó ń gé àfojúbà gan-an, ojú òṣèré, ohùn rẹ̀, omijé rẹ̀, kúrò lára ohun tó fà á, ó sì ń náwó rẹ̀ ṣáájú ọjọ́. Nígbà tí ìran náà bá dé nínú fíìmù, a ti rí i rí.

Alfred Hitchcock mọ ìyàtọ̀ yìí. Ìpolówó Psycho tó ṣe ní 1960 ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn káàkiri ilé ìtura àti ilé orí òkè tí wọ́n ti ya fíìmù náà, bí ẹni tó ń mú àlejò yí ilé ká. Ó ní ìpànìyàn ṣẹlẹ̀ níbí. Ó nawọ́ sí àtẹ̀gùn, ó ní ẹnìkan kú níbẹ̀. Ó wọ balùwẹ̀, ó ní wọ́n ti nu gbogbo ẹ̀jẹ̀ nù. Ó sọ̀rọ̀ títí, àmọ́ ìròyìn ni gbogbo rẹ̀. Kò fi ìran kan hàn láti inú fíìmù. Nígbà tó wá fa kọ́tìnnì ibi ìwẹ̀, obìnrin kan kígbe. Vera Miles nìyẹn, kì í ṣe Janet Leigh tí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú balùwẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí nínú fíìmù. Ó tún pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí apẹ́lẹ́yìn wọlé lẹ́yìn tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa ńkọ́?

Àwọn alárìnjò wa mọ̀ pé ó yẹ kí òǹwòran gbọ́ díẹ̀. Orin àti ijó tí Hubert Ògúndé fi ń ṣí eré, tí wọ́n ń pè ní opening glee, a máa ta òǹwòran lólobó nípa ẹ̀kọ́ inú eré. Ìròyìn nìyẹn. Ìgbà tí fíìmù wọ fọ́ńrán, tí Ìdúmọ̀tà di ojúkò ọjà rẹ̀, ni àṣà mìíràn wọlé. Ẹ rántí ìpolówó tó máa ń wà níwájú fọ́ńrán: olóhùn gbẹ̀du kan á máa pariwo, àwòrán á máa sáré lé ara wọn. Ìyálé da májèlé sí ọbẹ̀. Ìyàwó kékeré ṣubú. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ìyálé ti ya wèrè, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láàrin ọjà. Kí ló wá kù tí a fẹ́ rà?

Ọ̀pọ̀ wa ti gbé àṣà náà lọ sórí YouTube. Lórí fíìmù mìíràn, àwòrán ìta tí a ó tẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ti fi ẹni tí yóò jẹ̀bi hàn.

Gígé ìpolówó kúrú nìkan kò lè wo àìsàn yìí. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn onísinimá Amẹ́ríkà ní kí ìpolówó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kí wọ́n má sì fi í hàn ju 150 ọjọ́ lọ kí fíìmù tó jáde. Ìmọ̀ràn gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tú àṣírí lè tú u ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwòrán ìpolówó wá láti inú ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ fíìmù. Ẹ fi ìbéèrè hàn, ẹ fi ìdáhùn pamọ́. Kí olùdarí sì ní ẹ̀tọ́ nínú ìwé àdéhùn láti sọ pé ìran kan kò gbọdọ̀ jáde. Ó rọrùn fún wa ju Hollywood lọ, torí lọ́dọ̀ wa, olóòtú fíìmù sábà máa ń jókòó ti ẹni tó ń gé ìpolówó.

Ẹ̀yin òǹwòran, ọwọ́ yín kò mọ́ pátápátá. Bí ìpolówó kan bá ti wù yín, ẹ má wá ìkejì àti ìkẹta lọ, nítorí iye ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀ka ìtajà fi ń mọ̀ pé ẹ ṣì fẹ́ sí i. Ẹ̀yin olóòtú, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ẹ fọkàn tán wa pé a lè fi àbọ̀ náà rìn dé ilé sinimá. Fíìmù tí kò bá lè fa èèyàn wọlé láìtú àṣírí rẹ̀, inú ìwé ìtàn rẹ̀ ló ti yẹ kí wọ́n lọ wá àtúnṣe, kì í ṣe inú ìpolówó.