Ẹ Kọ́kọ́ Ri Òpó Ìtàn Mọ́lẹ̀

Lónìí, ìtàn inú géèmù tí ẹni tó ń gbá a ń fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà la fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ rántí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ. Àkàrà-Ògùn kó akọni jọ, wọ́n gba Òkè Lángbòdó lọ. Kàkó wà lára wọn. Olóhùn-Iyọ̀ olórin náà wà lára wọn. Ká wá ní ẹ̀yin lẹ ó yan ẹni tí yóò bá yín lọ ńkọ́? Bí ẹ bá fi Olóhùn-Iyọ̀ sílẹ̀ nílé, ta ni yóò kọrin?

Bí géèmù Baldur's Gate 3 ti rí nìyẹn. Ẹ lè mú akọni tó ń jẹ́ Karlach dání. Ẹ sì lè fi í sílẹ̀, ìtàn ò ní dúró.

Kí ni àṣírí kíkọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ ri òpó ìtàn mọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ẹnikẹ́ni ì báà wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ dùn kí ṣàkì tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, fún akọni kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín: kí ni yóò yí padà bó bá wà? Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí kò bá sí? Ẹni tí kò bá yí nǹkan kan padà, ẹ yọ ọ́.

Mo tún un sọ: òpó ló ṣáájú, èèyàn ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ mú bírò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó.