Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Olórí ní Ọ̀nà Kristi fún Àwọn Ọmọ Wa ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Zaria)

 

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí kíkọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ní iṣẹ́ olórí, ní ọ̀nà Kristi. A mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Bí ọmọ Kristẹni bá di olórí rere, gbogbo àdúgbò ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí ó bá sì di olórí búburú, gbogbo wa ni yóò jìyà rẹ̀.

Àwọn kan rò pé bí ọmọ bá ti lè wàásù, tí ó sì lè dá orin, ó ti di olórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olórí ni kí ọmọ lè tọ́jú owó ẹlòmíràn kí ó sì jíhìn rẹ̀; kí ó lè darí ìpàdé láìpariwo; kí ó gbọ́ ti ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá tirẹ̀ mu; kí ó sì gbé ipò sílẹ̀ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá pé. Nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni bíi F.C.S., tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè Ọya ní 1957, àti NIFES, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ọwọ́ ara wọn ni àwọn ọmọ fi ń ṣe nǹkan wọ̀nyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ààrẹ, àwọn ni akọ̀wé, àwọn ni akápò. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ wo Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún kejì. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ṣí ní Freetown ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ní 1864 ni wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ó wà láàrin méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ èso lọ́la, òní ni kí ó gbìn.

Ẹ má jẹ́ kí a lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo Wusasa níhìn-ín. Dókítà Walter Miller ti C.M.S. kó àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ jọ ní Zaria, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwé àti ìwà. Ní 1929, wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí Wusasa. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti Wusasa ni Dókítà Ishaya Audu ti wá, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ahmadu Bello, ní 1966. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ọmọ ajíhìnrere, ti dàgbà. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ó kéde pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí a rántí èkejì pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta 1987, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Kafanchan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ń ṣe ìsọjí. Aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ nítorí ohun tí oníwàásù sọ nípa Kùránì, ó sì di ìjà. Ẹ̀mí ṣòfò. Iná náà ràn dé Zaria, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì jóná. A kò wá dá ẹjọ́ ọjọ́ náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ìlú tí ẹ̀sìn méjì àti ẹ̀yà púpọ̀ ti ń gbé pọ̀, ọmọ tí yóò di olórí gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ẹnu, àti bí a ti ń lọ bá àwọn aládùúgbò wa sọ̀rọ̀ kí inú tó bí wọn. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́.

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́ta wá. Èkíní, kí ẹgbẹ́ máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọ tí ó bá ń lọ sí ibùdó ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Mùsùlùmí tí ó ń lọ sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà rí tirẹ̀ gbà. Èkejì, kí a yan akẹ́kọ̀ọ́ kan ní igbákejì akọ̀wé, àti òmíràn ní igbákejì akápò, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ wa. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọ̀dọ́ máa bá àwọn àgbà wa lọ nígbà tí wọ́n bá ń lọ kí àwọn olórí ìlú, kí wọ́n lè rí bí a ti ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà.

Àwọn àgbà tí ó wà ní ipò kò ní wà níbẹ̀ títí láé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé tí àwọn baba wa kọ́ sí Sabon Gari, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí wọ́n dá owó kọ́, orúkọ rere tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, ta ni a ó fà wọ́n lé lọ́wọ́?

Kí Ọlọ́run bùkún fún ẹgbẹ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí Zaria tòrò.