Ibà Tí Kò Lọ, Ẹ̀dọ̀ Tó Wú: Bí A Ṣe Ń Tọpa Àìsàn Dé Ìdí



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ti àwa oníṣègùn nìkan. Kò sí agboolé tí ibà kì í yà nílẹ̀ wa. Bí ara bá ti gbóná, ohun tí wọ́n máa sọ fúnni ní ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì ni pé, "Màléríà àti táífọ́ọ̀dù ni." Wọ́n á po oògùn oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, ó parí. Lọ́pọ̀ ìgbà ara á yá, nítorí pé màléríà wọ́pọ̀ lóòótọ́, ibà mìíràn sì wà tí í lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ ká jọ wò lónìí ni ibà tó gbó gbogbo oògùn wọ̀nyẹn lẹ́nu tí kò lọ, tí ẹ̀dọ̀ sì ń wú lábẹ́ egungun ìhà láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ibẹ̀ wò. Irú ibà bẹ́ẹ̀ ní ìdí. Ìdí náà sì ṣe é rí lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá fara balẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀, tí a fọwọ́ kan ikùn aláìsàn, tí a sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí oògùn tó wọnú rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Ní 1961, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Robert Petersdorf àti Paul Beeson, gbé ìwádìí kan jáde lórí 100 aláìsàn tí wọn kò mọ ohun tó ń fa ibà wọn. Wọ́n pa ààlà sí irú ibà yìí: kí ìgbóná ara kọjá 38.3 lórí òṣùwọ̀n Celsius lẹ́ẹ̀mélòó kan, kó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n sì ti yẹ aláìsàn wò nílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ kan láìrí ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀, kòkòrò àrùn ló wà nídìí 36 nínú àwọn aláìsàn náà, jẹjẹrẹ ló wà nídìí 19. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn náà kì í ṣe àjèjì. Àìsàn tí dókítà mọ̀ dáadáa ni, tó kàn gba ọ̀nà tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbà tẹ́lẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí kó wá jókòó sílé máa ka ọjọ́ o. Ibà wà nílẹ̀ wa tí kì í fúnni ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ló mú ẹ̀dọ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí? Abẹ́ ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, ti àgbàlagbà sì wúwo tó kílò kan ààbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti inú ìfun bọ̀, inú ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kó tó dé ọkàn. Ohun tí a jẹ, ohun tí a mu, oògùn tí a gbé mì, àgbo tí a rà nínú ike, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń kọjá. Kòkòrò tó bá sì lu ìfun já, ẹ̀dọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń fọwọ́ wá a, nítorí mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó yẹ kí dókítà ṣe sí yín. Aláìsàn á nà gbalaja, á ká orúnkún díẹ̀ kí ikùn lè dẹ̀. Dókítà á dúró sí ọ̀tún rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbo ara wọn kí wọ́n lè lọ́wọ́ọ́rọ́. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ egungun ìhà. Ìsàlẹ̀ ikùn lọ́hùn-ún, nítòsí abẹ́nú, ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ tó bá tóbi gan-an lè ti dé ibẹ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè á sì gbé ọwọ́ lé àárín rẹ̀ láìmọ̀. Á ní, "Ẹ mí sínú." Bí aláìsàn bá mí sínú, ẹ̀dọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ wá bá ìka. Etí rẹ̀ ni a ń wá. Ṣé ó dán ni àbí ó rí kókókókó? Ṣé ó rọ̀ ni àbí ó le? Ṣé aláìsàn fa ojú ro nígbà tí ọwọ́ kàn án? Èyí tó le, tó sì rí kókókókó, ń mú wa ronú sí jẹjẹrẹ tàbí àpá àtijọ́ inú ẹ̀dọ̀. Èyí tó dán, tó sì ń dunni, ń mú wa ronú sí kòkòrò àrùn, tàbí ọkàn tí kò lágbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dúró sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni dókítà á fi ìka kan lu ìka kejì lórí àyà wá sísàlẹ̀, bí ẹlẹ́mu ṣe ń kan kèrègbè láti mọ ibi tí ẹmu dé. Ibi tí ohùn ti yí padà ni òkè ẹ̀dọ̀. Ó ní láti wá òkè àti ìsàlẹ̀ méjèèjì, nítorí ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀dọ̀ fóró tì wá sísàlẹ̀ kò tíì wú. Láàárín 6 sí 12 sẹ̀ǹtímítà ni ìwọ̀n tó dára fún àgbàlagbà. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì ná aláìsàn ní kọ́bọ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ tòun ti ìwé oògùn lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kan ikùn wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú awakọ̀ kan, ẹni ọdún márùndínlógójì, tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin. Mo ya àwòrán rẹ̀ fún yín ni, ṣùgbọ́n dókítà tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ wa máa dá a mọ̀. Ibà ti ń ṣe é fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lóru, òógùn á mú kí aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Ṣòkòtò rẹ̀ ti ń já bọ́ ní ìdí. Ìhà ọ̀tún ń dùn ún, ìrora náà sì ń gun èjìká ọ̀tún, débi pé ó rò pé jíjókòó pẹ́ nídìí ọkọ̀ ló fà á. Ó ti lo oògùn màléríà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan.

Dókítà bi í léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìgbẹ́ ọ̀rìn ti ṣe yín rí?" Ó ní rárá. Dókítà kò kúrò níbẹ̀. Ó tún un bi lọ́nà mìíràn: ṣé inú ti run yín láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí ẹ sì ń yàgbẹ́ tó ní ikun tàbí ẹ̀jẹ̀? "Áà, dókítà, nígbà òjò ni. Ọjọ́ díẹ̀ ni, mo lo Flagyl díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró." Dókítà wá fi ìka kan tẹ àárín egungun ìhà rẹ̀ ní ọ̀tún, awakọ̀ fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé e lọ sí ìdí skáànù, ihò dúdú roboto kan sì wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Eéwo inú ẹ̀dọ̀ ni.

Amíbà ló ń fa irú eéwo yìí, kòkòrò àìfojúrí tó ń ti inú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ èèyàn kó sí wọlé. Ó ń gbé inú ìfun ńlá, á gbẹ́ ògiri rẹ̀, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, á sì máa jẹ ẹran ibẹ̀ di ọyún aláwọ̀ pupa-rúsúrúsú. Ó lè tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn inú rírun kí ibà tó yọjú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń sọ pé ìgbẹ́ kò ṣe wọ́n, tí àyẹ̀wò ìgbẹ́ kì í fi í rí nǹkan kan. Ó ń mú ọkùnrin tó wà ní agbára rẹ̀ ju obìnrin lọ fíìfíì. Èjìká tó ń dun awakọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ tó wú tó ń ti iṣan pẹlẹbẹ tí a fi ń mí. Ọ̀kan náà ni okùn ìmọ̀lára tó ń bọ̀ láti iṣan yẹn àti láti èjìká, ọpọlọ kò sì mọ èwo ló pè é. Metronidazole, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Flagyl, ló ń wò ó, bí wọ́n bá fún aláìsàn ní ìwọ̀n tó yẹ, fún iye ọjọ́ tó yẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ibà á ti máa lọ. Oògùn mìíràn á tẹ̀ lé e láti lé èyí tó ṣẹ́kù sínú ìfun. Oògùn díẹ̀ tí awakọ̀ rà nígbà òjò kò pa amíbà; ó kàn pa ariwo rẹ̀ ni. Bí wọn kò bá tètè rí eéwo náà, ó lè bẹ́ sínú àyà tàbí sínú ikùn, ikú sì lè tibẹ̀ wá.

Ohun mìíràn wà tó jọ èyí tí kì í ṣe òun. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ náà ń mú ibà wá, ó ń mú ìhà ọ̀tún dunni, ó sì ń jẹ ara. Fáírọ́ọ̀sì jẹ́dọ̀jẹ́dọ̀ B wà lára ohun tó ń fà á jù lọ lọ́dọ̀ wa. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2018 rí i pé nǹkan bí 8 nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà ló ní fáírọ́ọ̀sì yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pẹ̀lú lè wọ ẹ̀dọ̀ láìsí ikọ́ rárá, pàápàá lára ẹni tó ní HIV. Jẹjẹrẹ tí ń mú kókó ọrùn àti abíyá wú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS lè ní ẹ̀dọ̀ tó wú láti kékeré. Alápatà, darandaran àti ẹni tó ń mu wàrà tútù tí a kò sè lè kó àìsàn ara ẹran tí wọ́n ń pè ní brucellosis. Iṣẹ́ ọwọ́ aláìsàn, omi tó ń mu, ẹran tó ń fọwọ́ kàn, ibi tó ti dé, àgbo tó ń lò: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti tọ́ dókítà sọ́nà, kò sì yẹ kó sáré kọjá lórí wọn.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Widal, nítorí ìwé rẹ̀ pọ̀ nínú àpò àwọn aláìsàn. Fernand Widal, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé àyẹ̀wò yìí jáde ní 1896. Kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àmì tí ara fi sílẹ̀ nígbà tó ń bá a jà ló ń wá. Àmì yẹn lè wà lára ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti ṣe tipẹ́tipẹ́, tàbí ẹni tó gba àjẹsára rẹ̀, tàbí ẹni tí kòkòrò mìíràn ń bá jà. Nítorí náà, "1/160" tí wọ́n kọ sórí ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ẹjọ́. Ohun tó ṣe é gbọ́kàn lé ni kí a fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tó ní oúnjẹ kòkòrò, kí a fi í síbi tó lọ́wọ́ọ́rọ́, ká sì dúró de ohun tó máa hù. Bí aláìsàn bá ti gbé áńtíbáyọ́tíìkì mì kó tó wá, ìgò náà lè má hu nǹkan kan, àìsàn á sì wà níbẹ̀.

Ibà tí kì í fúnni láàyè ló kù. Ní 1969, nọ́ọ̀sì ajíhìnrere kan ṣàìsàn ní Lásà, ìlú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno báyìí, ó sì kú ní Jos. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ibà Lásà, tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ń kó sínú oúnjẹ wa. Ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibà pọ́njú ni èkejì. Ní 1927, ìgbìmọ̀ ìwádìí ti àjọ Rockefeller tó wà ní Yábàá, l'Ékòó, ń wá ohun tó ń fà á. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana báyìí, ìdí àìsàn náà sì hàn gbangba: fáírọ́ọ̀sì ni. Ara Asibi yá. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà, kó àìsàn yìí, ó sì kú l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Láti inú fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D, èyí tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń gbà á.

Ṣé ibà pọ́njú wá lọ? Láàárín oṣù kẹsàn-án 2018 sí oṣù kìíní 2019, 50 aláìsàn tí ibà wọn kò ní ìdí wá sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Irrua, ní Ìpínlẹ̀ Edo, ara ọ̀pọ̀ wọn kò sì dá. Lásà ni gbogbo èèyàn fura sí, nítorí agbègbè Lásà ni. Àyẹ̀wò ní kì í ṣe Lásà. Àwọn dókítà ibẹ̀ kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ibùdó ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, ní Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti ń ka gbogbo àbùdá kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ibà pọ́njú ni. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ 29 nínú àwọn 50 náà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gan-an, kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ nìkan, bí kò ṣe pé nígbà tí èsì àkọ́kọ́ sọ pé "kì í ṣe èyí," àwọn oníṣègùn béèrè pé, "Kí ló wá jẹ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ibà bá wọ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn oògùn màléríà tí kò sì lọ, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ojú bá pọ́n, bí ìtọ̀ bá dúdú, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde níbikíbi, ẹ má dúró de ọjọ́ kẹta. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tí ẹ ti lò dání, ẹ má fi àgbo pamọ́ fún dókítà, ẹ sì ní kó kan ikùn yín wò. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí ẹ sì rí i pé ọmọ tuntun gba ti jẹ́dọ̀jẹ́dọ̀ B láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ má ta áńtíbáyọ́tíìkì fún ẹni tí a kò tíì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìjọba wà lọ́wọ́ yín, ìgò tí a fi ń hu kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀rọ skáànù kan, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, yẹ kó wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹ bá wa ṣe é.