Ọ̀rọ̀ Ìyànjú: Pípààrọ̀ Ẹ̀rọ Amúlétutù Orí Òrùlé



Bí ẹ̀rọ amúlétutù ilé oúnjẹ kékeré bá kú, ooru a máa lé oníbàárà lọ, olówó a sì máa kánjú. Ìkánjú rẹ̀ kò gbọdọ̀ di ikú tiwa.

Èkíní, ẹ pa iná níbi tó ti ń wá, ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó wà lórí òrùlé. Síbẹ̀, iná lè kù nínú kapasítọ̀: ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Èkejì, ẹ má tú gáàsì R-22 inú ẹ̀rọ àtijọ́ sáfẹ́fẹ́. Ó wà lára àwọn tí Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ń mú kúrò nílẹ̀. Ẹ fà á sínú sílíńdà. R-32 inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun lè gbiná. Ẹ má mu sìgá nítòsí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má dúró sábẹ́ ẹ̀rọ tí kéréènì gbé sókè.

Bí ọ̀gá bá ní kò sí àyè fún gbogbo èyí, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ ké sí ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ ní sípíà páàtì. Ẹ̀mí kò ní.